Bí A Ṣe Lè Wádìí Láti Kétu Bóyá Òṣùpá Kan Tàbí Ayé Tó Jìnnà Lè Gba Ohun Alààyè

Ìwé atọ́nà yìí wà fún olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò tàbí lórí fóònù pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí òṣùpá kan tàbí ayé kan tí ohun alààyè lè gbé, tí wọ́n sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lè yẹ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wò fúnra wọn. Ohun èlò tí a nílò kò pọ̀: ìwé àkọsílẹ̀ kan, gègé kan, alẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́, àti awò olójú méjì bí a bá rí ọ̀kan yá. Ìbéèrè tí a ó máa béèrè àti bí a ó ṣe tò wọ́n tẹ̀ léra ló ṣe pàtàkì ju ohun èlò lọ. Ayé kan kì í di ibùgbé ohun alààyè kìkì nítorí pé ó jọ tiwa tàbí nítorí pé kò jìnnà jù sí oòrùn rẹ̀. Omi tí kò dì, ohun tó ń mú un gbóná, èròjà tí a fi ń kọ́ ara, àti àkókò tó gùn tó ni a ó máa wá, a ó sì máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú ìròyìn wá bí ó ṣe mọ ohun tó sọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi ojú ara yín rí wọn

Ó dára kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn òṣùpá Júpítà ti fi ojú ara rẹ̀ rí wọn, nítorí pé ohun tí a ti rí kì í tètè dà bí àlọ́ létí ẹni. Kétu wà níbi tó dára fún iṣẹ́ yìí. Ìlú náà kò ju nǹkan bí digirí méje lọ sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì ọgbọọgba, nítorí náà àwọn pílánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gba òkè orí wa kọjá tàbí ibi tó sún mọ́ ọn, níbi tí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín àwa àti wọn kò ti nípọn. Júpítà máa ń tàn ju àwọn ìràwọ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣẹ́jú bíi tiwọn. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́tàlá síra ni ó máa ń bọ́ sí òdìkejì oòrùn, tí yóò yọ bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí a ó sì máa rí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ti ọdún 2027 bọ́ sí oṣù kejì. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ṣì lè bo ojú ọ̀run lọ́dọ̀ wa ní àkókò yẹn, nítorí náà ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dúró di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, nígbà tí Júpítà yóò ṣì wà lókè ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ kúrò nídìí iná títì, kí ẹ lọ sí ẹ̀yìn ìlú níhà oko. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ṣáájú bóyá orò kò ní jáde ní alẹ́ tí ẹ yàn, pàápàá bí ọmọbìnrin bá wà láàárín yín. Awò olójú méjì tí wọ́n kọ 10×50 sí lára tó fún iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí nǹkan kan, nítorí náà ẹ gbé awò náà lé orí ògiri tàbí sí ẹ̀ka igi tó dúró gbọn-in, kí ẹ wá fara balẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì Júpítà. Ẹ ó rí àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n tò sórí ìlà kan. Ẹ kò gbọdọ̀ darí awò yìí sí oòrùn láéláé, nítorí pé ó lè fọ́ ojú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé ní ọ̀sán láìsí àgbà nítòsí.

Galileo Galilei rí àwọn àmì wọ̀nyí ní Ítálì ní ọjọ́ 7, oṣù kìíní, ọdún 1610, ó sì ń ya àwòrán wọn lálaalẹ́ títí ó fi mọ̀ pé Júpítà ni wọ́n ń yí ká. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹ ya òbìrí kékeré fún Júpítà, ẹ fi àmì sí ibi tí òṣùpá kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Io máa ń yí Júpítà ká láàárín nǹkan bíi wákàtí 42, Europa láàárín wákàtí 85, Ganymede láàárín ọjọ́ méje ó lé díẹ̀, Callisto láàárín nǹkan bí ọjọ́ 17. Ètò Stellarium, tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, yóò fi èyí tó jẹ́ Europa hàn yín ní alẹ́ tí ẹ bá jáde. Bí ẹ bá wo iye tí mo kọ sókè yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé nígbà tí Ganymede bá yí po lẹ́ẹ̀kan, Europa ti yí po lẹ́ẹ̀mejì, Io sì ti yí po lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ fi ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé yín, nítorí pé inú ètò yìí ni ooru Europa ti ń wá.

Ẹ má fi ìrísí àti ìtòsí ṣe ìdájọ́

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni bóyá ayé náà tóbi tó tiwa, àti bóyá kò sún mọ́ oòrùn rẹ̀ jù tàbí kí ó jìnnà sí i jù. Àwọn onímọ̀ máa ń ṣírò agbègbè kan yí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ká níbi tí omi ti lè wà lójú ilẹ̀ láìdì yìnyín, tí kò sì ní gbẹ tán. Ìṣirò náà wúlò, àmọ́ kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Àwọn àgbà wa máa ń wí pé Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, àwọn ènìyàn ṣe bí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í sì í ṣe ajá òṣùpá. Àgùàlà yìí kan náà, pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Venus, ni ẹ̀rí tó yẹ kí a fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ayé wa, àpáta ni òun náà, kò sì sí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn tó máa ń sún mọ́ wa tó o. Síbẹ̀ ojú ilẹ̀ rẹ̀ gbóná tó nǹkan bí 460 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìgbóná tó lè yọ́ òjé, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó bò ó mọ́lẹ̀ sì wúwo ní nǹkan bí ìlọ́po 90 ti tiwa. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè, tí ó wọn títóbi rẹ̀ nìkan, yóò ṣe bí ìbejì ayé wa ni.

Ti Máàsì tún yàtọ̀. Odò ṣàn níbẹ̀ ní ohun tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún sẹ́yìn, ipa wọn sì wà lára àpáta rẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti sá lọ sí òfuurufú, èyí tó kù kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, tí omi kò fi lè dúró lójú ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, nínú ìwé yín, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún bí ayé kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí oòrùn rẹ̀ tó, ṣùgbọ́n ẹ fi sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé.

Ẹ wá omi, kí ẹ sì wá ohun tó ń mú un gbóná

Ìbéèrè yìí ni kí ẹ fi sí òkè pátápátá, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ lo àkókò lé lórí jù, nítorí pé òun ni ó yí èrò àwọn onímọ̀ padà nípa ibi tó yẹ kí a ti máa wá ohun alààyè. Ẹ jẹ́ kí a fi Europa ṣe é. Fífẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 3,120, ó kéré díẹ̀ sí òṣùpá tiwa. Ó jìnnà sí oòrùn ní ìlọ́po márùn-ún ó lé díẹ̀ ju bí àwa ṣe jìnnà sí i lọ, yìnyín tó bo ojú rẹ̀ sì tutù tó 160 nísàlẹ̀ òdo níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù. Bí a bá fi ìtòsí oòrùn nìkan ṣe ìdájọ́, à bá ti ti ìwé Europa pa.

Ṣùgbọ́n Júpítà ń fà á. Ipa ọ̀nà Europa kì í ṣe òbìrí tó pé. Nígbà mìíràn ó sún mọ́ Júpítà, nígbà mìíràn ó jìnnà díẹ̀, agbára òòfà Júpítà sì ń fún un tí ó tún ń tú u sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí po. Àwa náà mọ̀ pé bí a bá ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn lemọ́lemọ́, ojú ibi tí a ń tẹ̀ yóò gbóná mọ́ wa lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni inú Europa ṣe ń gbóná. Ìdí tí ipa ọ̀nà náà kò fi di òbìrí tó pé láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni ètò tí ẹ fi ìlà sí lábẹ́ lẹ́ẹ̀kan: Io àti Ganymede ń fa Europa léraléra ní àkókò tó ṣe déédéé, wọn kò sì jẹ́ kí ó sinmi. Ẹ̀rí pé irú ooru bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́ wà lára Io, tó sún mọ́ Júpítà jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ọdún 1979, nígbà tí ọkọ̀ Voyager 1 kọjá níbẹ̀, Linda Morabito rí èéfín òkè oníná tó ń bú jáde lára rẹ̀ nínú àwòrán tí ọkọ̀ náà yà. Òṣùpá kékeré tó jìnnà sí oòrùn bẹ́ẹ̀ ń yọ́ àpáta.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ibi tí ooru ti ń wá sílẹ̀, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ pé omi wà lábẹ́ yìnyín náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbẹ́ ihò síbẹ̀. Ọkọ̀ Galileo yí Júpítà ká láti ọdún 1995 títí di 2003, ó sì kọjá lẹ́bàá Europa lọ́pọ̀ ìgbà. Àwòrán rẹ̀ fi ojú yìnyín tó sán hàn, tí apá kan rẹ̀ ti ya kúrò lára èkejì, tí kòtò tí òkúta ojú ọ̀run máa ń gbẹ́ sì ṣọ̀wọ́n lórí rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ojú náà kò tíì pẹ́. Ẹ̀rí tó lágbára jù wá láti inú ohun èlò tó ń wọn agbára mágínẹ́ẹ̀tì. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì Júpítà máa ń yí padà lọ́dọ̀ Europa bí Júpítà ti ń pòyì, Europa sì ń dá a lóhùn lọ́nà tó bá ohun tí iná mànàmáná lè gba inú rẹ̀ kọjá mu. Yìnyín lásán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi iyọ̀ lè ṣe é. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé omi tó wà níbẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì gbogbo òkun ayé wa.

Ẹ má dúró síbẹ̀ o. Omi nínú òkùnkùn, lábẹ́ yìnyín tó nípọn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, kò rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn rárá. Kí ni ohun alààyè yóò jẹ níbẹ̀? Ìdáhùn wà ní ìsàlẹ̀ òkun ayé wa. Ní ọdún 1977, àwọn tó wọ ọkọ̀ abẹ́ omi Alvin lọ sí ìsàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì nítòsí erékùṣù Galápagos rí ihò tí omi gbígbóná ń tú jáde láti inú àpáta, ní nǹkan bíi kìlómítà méjì ààbọ̀ sísàlẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé. Ohun alààyè kún ibẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń gba agbára láti inú èròjà tí àpáta ń tú sínú omi, àwọn ẹ̀dá tó tóbi jù wọ́n lọ sì ń gbé lára wọn. Bí ìsàlẹ̀ òkun Europa bá jẹ́ àpáta tó gbóná, a jẹ́ pé irú ibẹ̀ lè wà. Lójú yìnyín lókè ńkọ́? Ìtànṣán tó ń ti àyíká Júpítà wá le tó láti pa ènìyàn láàárín àkókò kúkúrú, nítorí náà a kò retí ohun alààyè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtànṣán kan náà ń fọ́ yìnyín sí háídrójìn àti ọ́síjìn, bí ọ́síjìn yìí bá sì ń rí ọ̀nà wọlé dé inú òkun, oúnjẹ ló jẹ́ fún ohun alààyè nísàlẹ̀. Bóyá ó ń wọlé, àti bí ó ṣe pọ̀ tó, ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè èròjà, kí ẹ sì béèrè ẹni tó tọ́ ọ wò

Kábọ́ọ̀nù, háídrójìn, náítrójìn, ọ́síjìn, fọ́sfọ́rọ̀sì àti imí-ọjọ́ ni èròjà mẹ́fà tí ara gbogbo ohun alààyè tí a mọ̀ fi ń dúró, láti orí ẹ̀gẹ́ inú oko wa dé orí ènìyàn. Nínú ìwé yín, ẹ kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ fún ayé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa fi àmì sí èyí tí wọ́n ti rí. Enceladus ni ẹ ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí òṣùpá mìíràn tí a ti tọ́ omi inú rẹ̀ wò bíi tirẹ̀.

Òṣùpá Sátọ̀nù ni Enceladus, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju kìlómítà 504 lọ, tí kò tó ọ̀nà tó ti Kùtọnu lọ sí Malanville. Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó ti dì gbagidi láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ọdún 2005, ọkọ̀ Cassini rí i pé omi àti yìnyín wẹ́wẹ́ ń tú jáde láti inú ojú sísán mẹ́rin tó gùn, níhà gúúsù rẹ̀, tí wọ́n sì ń fọ́n sókè sí òfuurufú. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ náà gbé e gba àárín ohun tó ń tú jáde yìí kọjá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n rí iyọ̀, gáàsì methane, carbon dioxide àti ammonia; wọ́n rí èérún silica, irú èyí tó máa ń wáyé nígbà tí omi gbígbóná bá pàdé àpáta; ní ọdún 2017 wọ́n kéde pé háídrójìn wà níbẹ̀, tó jẹ́ oúnjẹ fún àwọn kòkòrò kan nínú ayé wa; ní ọdún 2023 ni wọ́n kéde fọ́sfọ́rọ̀sì, láti inú àyẹ̀wò èérún yìnyín tí Cassini ti kó dátà rẹ̀ ránṣẹ́ sílé kí wọ́n tó darí rẹ̀ wọnú Sátọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Èmi ka èyí sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó wú ni lórí jù tí ọmọ ènìyàn ti fi ọkọ̀ ṣe. Wọn kò sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, wọn kò gbẹ́ ihò, òṣùpá náà fúnra rẹ̀ ni ó gbé omi rẹ̀ jáde.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ rántí pé kòkòrò lè ṣe methane, bẹ́ẹ̀ sì ni omi gbígbóná àti àpáta lè ṣe é láìsí kòkòrò kankan. Bí ohun kan bá ní ọ̀nà méjì tó lè gbà wáyé, ẹ kọ méjèèjì.

Titan ni òṣùpá Sátọ̀nù tó tóbi jù, awò ìwòràwọ̀ kékeré sì lè fi í hàn yín ní ìrọ̀lẹ́ oṣù kọkànlá ní ọdún 2026 tàbí 2027, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ kò sì tíì le. Náítrójìn ni ó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, odò àti adágún wà lójú ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n methane àti ethane ni ó ń ṣàn nínú wọn, nítorí pé òtútù ibẹ̀ tó nǹkan bí 180 nísàlẹ̀ òdo. Ọkọ̀ Huygens balẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù kìíní, ọdún 2005. Fún Titan, ẹ ya ojú ìwé tirẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí pé ìbéèrè wa nípa omi kò bá ojú ilẹ̀ rẹ̀ mu tààrà.

Bí ìròyìn bá jẹ́ ti ayé tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn ká

Níbí ni ìṣọ́ra gbọ́dọ̀ ti pọ̀ sí i, nítorí pé kò sí ọkọ̀ tó lè lọ síbẹ̀ tọ́ nǹkan kan wò. Láti ọdún 1995, tí Michel Mayor àti Didier Queloz ti kéde pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ 51 Pegasi ká, iṣẹ́ tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ayé tó lé ní 6,000 wà lọ́dọ̀ àwọn ìràwọ̀ mìíràn. Wọn kò fi ojú rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn rárá. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, tí wọ́n sì ń rí i pé ó dín kù díẹ̀ ní àkókò kan náà léraléra, nítorí pé ohun kan ń kọjá níwájú rẹ̀. Pílánẹ́ẹ̀tì tó tóbi bíi Júpítà yóò dín ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bí oòrùn wa kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún; èyí tó tóbi bí ayé wa kò ní dín in kù tó ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ náà bá gba inú afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì náà kọjá, gáàsì kọ̀ọ̀kan máa ń gba àwọ̀ tirẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, àwọ̀ tó sọnù yìí ni awò James Webb, tí wọ́n gbé lọ sí òfuurufú ní oṣù kejìlá ọdún 2021, fi ń mọ irú gáàsì tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìròyìn kan dán ètò wa wò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ọ̀pọ̀ rédíò àti ìwé ìròyìn gbé e pé àmì ohun alààyè ti hàn lórí pílánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní K2-18 b. Ẹ kọ́kọ́ kọ ibi tó wà: ó jìnnà sí wa ní nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 124, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tí awò náà gbà ti kúrò níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1900, nígbà tí àwọn ará Kétu tí ogun Dahomey fọ́n ká ní 1886 ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá tún ìlú wọn kọ́ láìpẹ́. Ẹ kọ títóbi rẹ̀: ó fẹ̀ ju ayé wa lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀, ó sì wúwo jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ, nítorí náà kò dájú pé ó ní ilẹ̀ tàbí òkun, ó lè jẹ́ pé gáàsì tó nípọn ni gbogbo òde rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí wọ́n rí: ní ọdún 2023, methane àti carbon dioxide, ní 2025, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan ní Yunifásítì Cambridge sọ pé àwọn rí àmì dimethyl sulfide, gáàsì tó jẹ́ pé ohun alààyè inú òkun ló ń ṣe púpọ̀ jù nínú èyí tó wà nínú ayé wa.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bí àmì náà ṣe lágbára tó. Àwọn tó kéde rẹ̀ fúnra wọn sọ pé kò tíì dé ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti fìdí múlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tún dátà kan náà yẹ̀ wò, wọn kò sì rí ẹ̀rí tó tó nínú rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí gáàsì náà lè gbà wáyé: wọ́n ti rí i lára ìràwọ̀ onírù tí wọ́n ń pè ní 67P, níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ohun alààyè wà. Nígbà tí ẹ bá kọ gbogbo èyí tán, ìròyìn náà kò ní di irọ́, ẹ kàn ti gbé e sí àyè rẹ̀ ni: ayé kan wà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣeé kà láti ibí, iṣẹ́ ìwádìí lórí rẹ̀ kò sì tíì parí.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún ti TRAPPIST-1, ìràwọ̀ kékeré pupa tó wà ní nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 40 sí wa, tí ayé alápàáta méje ń yí ká, tí wọ́n kéde ní ọdún 2017. Àyẹ̀wò James Webb ní ọdún 2023 fi hàn pé èyí tó sún mọ́ ìràwọ̀ náà jù kò ní afẹ́fẹ́ tó nípọn. Irú ìràwọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń bú jáde pẹ̀lú ìtànṣán líle, èyí tó lè ṣí afẹ́fẹ́ kúrò lára ayé tó bá wà nítòsí, nítorí náà ìbéèrè àkókò ni ó ṣe kókó níbẹ̀: ṣé afẹ́fẹ́ àti omi lè pẹ́ tó kí ohun alààyè tó bẹ̀rẹ̀?

Ní ti òṣùpá àwọn pílánẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Kò tíì sí ọ̀kan tí gbogbo onímọ̀ gbà pé ó wà ní tòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dábàá díẹ̀ nínú wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun àwọn ọmọ tó ti gbọ́ pé ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé gba orúkọ Amadioha àti Equiano láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà fún ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí wọ́n sì ń béèrè bóyá Equiano ní òṣùpá. Pílánẹ́ẹ̀tì onígáàsì bíi Júpítà ni, ó sì ṣeé ṣe kí irú wọn ní òṣùpá, ṣùgbọ́n a kò tíì rí i.

Bí a ó ṣe kọ ìdájọ́ sílẹ̀

Mo dábàá pé kí ẹ lo ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀kan gba ipò èkejì. Àkọ́kọ́ ni pé ibẹ̀ ṣeé gbé, ìyẹn nígbà tí ẹ̀rí omi àti ooru bá wà. Europa wà níbí. Èkejì ni pé èròjà pé tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé níbẹ̀, tí ohun kan sì ti tọ́ ọ wò. Enceladus ti dé ibí. Ẹ̀kẹta ni pé àmì kan hàn tí kò sí ọ̀nà mìíràn tí a mọ̀ tó lè gbé e wá àyàfi ohun alààyè, tí ẹgbẹ́ ju ẹyọ kan lọ sì ti rí i. Ẹ̀kẹrin ni pé a ti rí ohun alààyè. Títí di àkókò tí mo ń kọ ìwé yìí, kò sí ayé kankan yàtọ̀ sí tiwa tó ti dé ẹ̀kẹta, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹ̀kẹrin. Nígbà tí ìròyìn tuntun bá dé, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ dé ìparí kí ẹ tó yan ọ̀rọ̀, nítorí pé àkọlé sábà máa ń gbé e sí ẹ̀kẹta nígbà tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn sọ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń ṣe é nínú kíláàsì, ẹ pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà méjì: kí apá kan wá gbogbo ọ̀nà tí àmì náà fi lè jẹ́ ti ohun alààyè, kí apá kejì wá gbogbo ọ̀nà tí kò fi ní jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ fi ojú ìwé sílẹ̀ lófìfo fún ohun tó ń bọ̀. Ọkọ̀ Europa Clipper, tó gbéra ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, yóò dé ọ̀dọ̀ Júpítà ní oṣù kẹrin ọdún 2030, wọ́n sì ti ṣètò pé kí ó kọjá lẹ́bàá Europa ní nǹkan bí ìgbà 49, kí ó wọn bí yìnyín rẹ̀ ṣe nípọn tó. Ọkọ̀ JUICE ti àwọn ará Yúróòpù, tó gbéra láti Kourou ní Gúúsù Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin ọdún 2023, yóò dé ní oṣù keje ọdún 2031, Ganymede ni yóò sì wá dúró tì. Dragonfly, tí yóò máa fò káàkiri lórí Titan, ni wọ́n ń retí pé kí ó gbéra ní ọdún 2028. Lórí ojú ìwé Europa, ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta sí òkè: báwo ni yìnyín ṣe nípọn tó, ṣé ìsàlẹ̀ òkun náà gbóná, ṣé ọ́síjìn ń wọlé, kí ẹ sì fi àyè tó gbòòrò sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.